Ọlọ́pàá Orí Kẹ̀kẹ́ Nínú Ọgbà Yunifásítì Amẹ́ríkà: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mùsùlùmí Mọ̀

Ẹ̀yin òbí wa tí ọmọ yín wà ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ẹ ó mọ àníyàn yìí: nígbà tí ọmọ bá kírun Ìṣáì tán nínú ọgbà ilé ìwé, ta ló ń ṣọ́ ọ̀nà tó máa gbà padà sí yàrá rẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá tó ń gun kẹ̀kẹ́ wà lára wọn. Ó dára kí a mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ọlọ́dẹ lásán. Yunifásítì púpọ̀ níbẹ̀ ló ní ọlọ́pàá tiwọn, tí òfin fún láṣẹ láti mú ènìyàn. Yale ló kọ́kọ́ ní irú rẹ̀, lọ́dún 1894. Ní ti kẹ̀kẹ́, ọdún 1987 ni ọlọ́pàá ìlú Seattle bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ àárín ìlú, nítorí pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ wọn tètè débi tí wọ́n bá pè wọ́n sí. Láti ibẹ̀ ló ti tàn kálẹ̀.

Ó bá ọgbà yunifásítì mu, torí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, mọ́tò kò sì lè gba gbogbo rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í pariwo, nítorí náà olè kì í tètè mọ̀ pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Ẹni tó gùn ún kò sì jókòó sẹ́yìn gíláàsì: ọmọ lè kí i, kó sì bi í léèrè ọ̀nà.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ òbí ti kìlọ̀ fọ́mọ pé kó jìnnà sí ọlọ́pàá. Ìbẹ̀rù yìí nídìí. Lọ́dún 2011 àti 2012, ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press tú u síta pé ọlọ́pàá New York ń ṣọ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí lábẹ́lẹ̀, títí dé àwọn yunifásítì tó wà lẹ́yìn ìlú náà. Torí náà, ẹ kọ́ ọmọ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: bí ọlọ́pàá bá dá a dúró, kó má sáré, kó má jà, ó lè fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá òun lè máa lọ, kò sì pọn dandan kó dáhùn ìbéèrè nípa ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù dínà ìrànlọ́wọ́ tó tọ́ sí i.

Ohun mẹ́rin ló yẹ ní ṣíṣe. Èkíní, kí ọmọ fi nọ́ńbà ọlọ́pàá ọgbà náà sínú fóònù rẹ̀, kó sì béèrè bóyá wọ́n ń sin akẹ́kọ̀ọ́ délé lóru, pàápàá fún ìrun Ìṣáì àti Àsùbáà. Yunifásítì púpọ̀ ló ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì, bí ọmọ bá ní kẹ̀kẹ́, kó lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, nítorí olè. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí sọ àkókò ìrun àṣámù fún wọn kí Rámàdáànì tó wọlé.

Ẹ̀kẹrin kan òbí gan-an. Wọ́n pa Jeanne Clery, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Lehigh, nínú yàrá rẹ̀ lọ́dún 1986. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1990, pọn ọ́n ní dandan fún yunifásítì tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ láti gbé àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn inú ọgbà rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, ó pẹ́ tán, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá. Ẹ kà á kí ẹ tó san owó ilé ìwé.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí a so ràkúnmí, kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Kí Ọlọ́hun dáàbò bo àwọn ọmọ wa lálọ lábọ̀. Àmín.