Owó Ọkọ̀ Lọ́yà Tuntun

Lọ́yà tuntun tó ń gbé Èrìjìyàn l'Ékìtì, tí ẹjọ́ rẹ̀ wà ní Adó ní aago mẹ́sàn-án, gbọ́dọ̀ tètè jí. Á ká ẹ̀wù dúdú sínú báàgì, á di wíìgì mú bí ẹni di ẹyin mú, á gba Arámọkọ lọ. Ìgbà tó bá dé kóòtù tán ni akọ̀wé lè sọ pé adájọ́ ò jókòó lónìí. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, "owó ọkọ̀" gan-an lorúkọ tí àwọn cháńbà, ọ́fíìsì lọ́yà, kan ń pe owó oṣù jùníọ̀, lọ́yà tuntun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. Ọmọ tó lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, tó fi ọdún kan lé e ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, tó tún fi ọdún kan ṣe agùnbánirọ̀! Ní 2024, ìjọba kéde pé àláwì agùnbánirọ̀ ti di ₦77,000 lóṣù. Bí cháńbà tó gbà á lẹ́yìn náà bá ní ìdajì rẹ̀ lòun lè san, ó ṣeé ṣe kí òfin má lè mú ọ̀gá náà.

Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ńkọ́, tí wọ́n gbé dé ₦70,000 ní oṣù keje 2024? Òfin ọdún 2019 tí iye yẹn dúró lé yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀. Ẹ ka orí inú cháńbà tó wà nítòsí yín: ọ̀gá kan, jùníọ̀ méjì, akọ̀wé, mẹ́sẹ́ńjà. Àwọn tó mọ òfin jù lọ ni òfin yìí ò kàn.

Àwọn ọ̀gá ní iṣẹ́ ni jùníọ̀ wá kọ́. Irọ́ kọ́. Fẹ́mi Fálànà, ọmọ Ìlawẹ̀ tí kò jìnnà sí Èrìjìyàn, cháńbà Alao Aka-Bashorun ló ti ṣe jùníọ̀. Afẹ́ Babalọlá ọmọ Adó di lọ́yà ní 1963, kò sì dá cháńbà tirẹ̀ sílẹ̀ n'Ìbàdàn títí di 1965. Lábẹ́ ọ̀gá lèèyàn ti ń mọ bí wọ́n ṣe ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, àti ìgbà tó yẹ kéèyàn jókòó. Ṣùgbọ́n ọmọ ìkọ́ṣẹ́ káfíńtà a máa jẹun nílé ọ̀gá rẹ̀. Jùníọ̀ ń sanwó ilé, ẹ̀wù dúdú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jọjú.

Ní Níú Yọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní 1968, ilé iṣẹ́ lọ́yà Cravath gbé owó lọ́yà tuntun dé $15,000 lọ́dún, àwọn yòókù sáré tẹ̀lé e. Ní oṣù kọkànlá 2023, ilé iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, Milbank, ló kọ́kọ́ kéde $225,000. Ní 2024, ilé iṣẹ́ lọ́yà Freshfields ní Lọ́ńdọ̀nù sọ tirẹ̀ di £150,000. Kì í ṣe àánú. Báńkì àti ilé iṣẹ́ ńlá ni oníbàárà wọn, wákàtí wákàtí ni wọ́n ń ka owó fún wọn, àwọn ọmọ kan náà ni gbogbo wọn sì ń dù. (Oorun àwọn ọmọ náà wà nínú ohun tí wọ́n rà.) Ilé iṣẹ́ lọ́yà ńlá l'Ékòó náà ń ṣe ti báńkì àti epo rọ̀bì. L'Ékìtì, àwọn tó ń jà lórí ilẹ̀ àti ogún ni oníbàárà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń san, bí kòkó bá ṣe ń tà.

Ohun tó ń gbé jùníọ̀ ró ni PP, iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ọ̀gá: ìwé àdéhùn ilẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ òwò ní CAC, béèlì. Àwọn ọ̀gá kan ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Àwọn mìíràn rí i, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí wọ́n mọ iye tí àwọn ń san. Ní Sátidé, ẹni tó ra ilẹ̀ lè ti máa dúró de lọ́yà wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Èrìjìyàn, ìwé sọ́fè nínú ọ̀rá. Owó tó bá ti ibẹ̀ jáde, kò sí ti cháńbà nínú rẹ̀.