Ọmọ Fòníkú-Fọ̀ladìde Bí Ó Ti Ń Bọ́ Sí Ipò Àgbà

Bí ọmọdé bá tó lọ́kọ́, à á fún un lọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí àìsàn ti ń bá fínra láti kékeré ńkọ́, tí ó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ni ó mọ oògùn rẹ̀, tí í sì í bá dókítà sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Ibido dé Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣágámù, bí ó ti kan gbogbo Nàìjíríà.

Ní ọdún 1910 ni James Herrick, oníṣègùn kan ní Chicago, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àìsàn yìí nínú ìwé ìṣègùn òyìnbó. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tí ó yẹ kí ó rí roboto, a tẹ̀ bí dòjé. A sì dí ọ̀nà tóóró tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ìrora a dé. Ọmọ tí ó gba S lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni SS. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS: kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó lè bí SS bí ó bá fẹ́ AS ẹgbẹ́ rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í dàgbà; àwọn mìíràn a máa pè wọ́n ní àbíkú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn tí ń dènà ibà, pẹnisilíìnì àti hydroxyurea ti yí ìyẹn padà. Ní ọdún 1994 ni a dá Sickle Cell Foundation Nigeria sílẹ̀ ní Èkó, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú jẹ́ aṣáájú rẹ̀.

Nítorí náà, ìṣòro tuntun yọjú. Lọ́dọ̀ dókítà ọmọdé, ìyá ni í dáhùn. Lọ́dọ̀ dókítà àgbà, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni a ń bi léèrè. Ẹni tí kò bá ti gbáradì a dákẹ́, tàbí kí ó má padà wá mọ́. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Ìmúrasílẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ tí ó pé ọmọ ọdún 18. Láti nǹkan bí ọdún 12, kí ọmọ mọ orúkọ oògùn rẹ̀ àti ìdí tí ó fi ń lò ó. Kí ó mọ̀ pé ibà líle, àyà dídùn àti èémí tí kò já gaara kì í ṣe ohun tí a ń fi ilé tọ́jú. Lẹ́yìn náà, kí ó máa dá wọlé bá dókítà fún ìgbà díẹ̀, kí ìyá jókòó síta. Kí ìwé ìtàn àìsàn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà tuntun.

Olùkọ́ pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀: kí ó jẹ́ kí ọmọ náà máa mu omi, kí ó máa jáde lọ tọ̀, kí ó má sì fi í sínú òjò tàbí oòrùn. Bí ó bá kan yíyan iṣẹ́, kí ó tọ́ ọ sí èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Kò sí ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ yá láti jọ̀wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìyá kò lè bá a gbé ayé rẹ̀ délẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa gbé ọkọ́ náà lé e lọ́wọ́, nígbà tí òun ṣì wà nítòsí.