Pàṣípààrọ̀ Ìwé Láàrin Àdúgbò ní Lekki àti Ajah

Pàṣípààrọ̀ ìwé ládùúgbò, èyí tí í ṣe ètò tí àwọn ará àdúgbò fi ń gbé ìwé tí wọ́n ti kà sínú àpótí kan kí ẹlòmíràn lè mú un lọ láìsan kọ́bọ̀, yàtọ̀ sí ilé-ìkàwé, nítorí kò sí ẹni tí ń kọ orúkọ ayáwèé sílẹ̀. Ní ọdún 2009 ni Todd Bol gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ síwájú ilé rẹ̀ ní Hudson, ìlú kan ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ní ìrántí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, àṣà náà sì tàn káyé. Ọ̀nà mìíràn ni Funmi Ilori gbà ní Èkó, ẹni tó dá iRead sílẹ̀ ní 2013, ìyẹn ilé-ìkàwé inú ọkọ̀ tí ń gbé ìwé lọ bá àwọn ọmọdé.

Ní Lekki àti Ajah ní Èkó kan náà, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé wà nínú ẹ́sítéètì tó ní géètì àti ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀bá géètì ló yẹ àpótí náà jù, kì í ṣe etí títì Lekki sí Epe, níbi tó jẹ́ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan ló lè dá èèyàn dúró. Nítorí pé àárín ọ̀sà àti òkun ni ilẹ̀ náà wà, ọ̀rinrin àti àgbàrá ni ọ̀tá ìwé níbẹ̀, nítorí náà, àpótí gbọ́dọ̀ ga kúrò nílẹ̀, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì pa dé dáadáa. Bí kò bá sí ẹni tí ń ṣa ìwé tó ti gbó kúrò, tí ń fi ìwé òǹkọ̀wé Fágúnwà àti ti ọmọdé rọ́pò rẹ̀, ìwé ìdánwò àtijọ́ ni yóò kún un.