Orin Kan Náà, Etí Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Ọ̀kẹ́sítírà Orí Afẹ́fẹ́

Bí wọ́n bá gbé eré ọ̀kẹ́sítírà sáfẹ́fẹ́ lálẹ́ òní, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, àríyànjiyàn á ti bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan á ní orí òun wú, omi lé ròrò sójú òun. Ẹlòmíì á ní ṣe ni wọ́n kàn ń ha fáólìnì sí òun létí. Ẹnì kẹta á ní àwọn méjèèjì ò mọ nǹkan kan, pé adarí orin yẹn sáré jù. Mo fẹ́ràn irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, irọ́ náà sì ń lé àwọn èèyàn sá fún orin tí wọn ì bá gbádùn. Proms ni n ó fi ṣàlàyé, ìyẹn ọ̀wọ́ eré orin tí wọ́n ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọọdún nígbà ooru wọn. Henry Wood ló darí rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1895, BBC sì gbà á mọ́wọ́ ní 1927.

Irọ́: Ohun kan náà ni gbogbo wa gbọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbọ̀ngàn ńlá olórùlé rìbìtì ni Royal Albert Hall tí wọ́n ti ń ṣeré náà. Ìró máa ń ta padà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ní 1969 wọ́n so àwọn àwo ràbàtà rọ̀ sábẹ́ àjà láti fi pa gbohùngbohùn náà. Ẹni tó jókòó sókè pátápátá ń gbọ́ orin pọ̀ mọ́ gbohùngbohùn tó ṣẹ́ kù, pọ̀ mọ́ ikọ́ ẹni tó jókòó tì í. Ní ti ẹni tó wà nídìí rédíò, maíkì ló ń bá a gbọ́. Wọ́n so àwọn kan rọ̀ sókè orí àwọn olórin, òmíràn sún mọ́ fèrè, òmíràn sún mọ́ ìlù, ẹnì kan sì wà nínú yàrá kékeré tó ń pinnu èyí tí yóò ròkè àti èyí tí yóò rẹlẹ̀. Ibi tí orin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe é gbọ́, wọ́n lè fà á sókè díẹ̀. Ibi tó ti dún jù, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kí ẹni tó ń wakọ̀ má baà máa yí rédíò rẹ̀ sókè sódò.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ìró ń rin nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì rédíò ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín àkókò kan náà. Nígbà tí rédíò ṣì ń gba afẹ́fẹ́ lọ tààrà, tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà láàárín, ẹni tó wà ní Manchester, tó ju 250 kìlómítà lọ, lè gbọ́ orin ṣáájú ẹni tó sanwó wọlé tó jókòó ní mítà 50 sí àwọn olórin. Lónìí ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí ẹ̀rọ ìgbàlódé àti íntánẹ́ẹ̀tì máa ń dá ìró dúró díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Irọ́ kejì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ka ara wọn sí ọ̀mọ̀ràn orin. Wọ́n ní orin nìkan ni etí tó gbọ́n ń gbọ́, pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé kò gbọdọ̀ bá a wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ 21 oṣù Ògọ́ọ̀sì, 1968. Òru mọ́jú ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì àti ti àwọn alájọṣe wọn ya wọ Czechoslovakia. Ó sì ti wà nínú ètò tipẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀kẹ́sítírà ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì máa ṣeré ní Proms, Yevgeny Svetlanov ni yóò darí wọn, Mstislav Rostropovich ni yóò sì ta cello, irú fáólìnì ńlá kan. Orin wo ni wọ́n tò sílẹ̀ fún un? Orin cello àti ọ̀kẹ́sítírà tí Dvořák kọ, Dvořák tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ̀ ogun tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Amẹ́ríkà ni Dvořák wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ó jìnnà sílé. Rostropovich alára kì í ṣe àjèjì sí Prague, olú ìlú Czechoslovakia: ibẹ̀ ni òun àti Galina Vishnevskaya, tó di ìyàwó rẹ̀, ti kó sínú ìfẹ́ ara wọn ní 1955.

Àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn wà níta, àwọn kan sì wọ inú gbọ̀ngàn, wọ́n ń pariwo nígbà tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀. BBC ń gbé e lọ sórí afẹ́fẹ́. Wọ́n gbohùn eré náà sílẹ̀, ó sì ti jáde lórí àwo. Dvořák kò jẹ́ kí cello tètè sọ̀rọ̀ nínú orin yìí. Clarinet á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀, ọ̀kẹ́sítírà á gbà á, fèrè ìwo á dá orin kejì, ó sì lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó kan ẹni tí gbogbo èèyàn ń wò. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tó jókòó bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó fọwọ́ lérán níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí inú ń bí sí ìjọba rẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń ta cello náà. Nígbà tí wọ́n parí, ó gbé ìwé orin Dvořák sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè rí i.

Àwọn tó wà nídìí rédíò kò rí ìwé yẹn. Wọn ò rí omijé. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n gbọ́. Ẹni tó ti gbọ́ ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ náà á gbọ́ ẹkún nínú cello. Ẹni tí ìròyìn ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè sọ pé olórin náà tẹ okùn le jù. Àwọn méjèèjì ò purọ́.

Irọ́: Ẹni tó bá bínú sí orin tuntun, òpè ni.

Ní alẹ́ ìkẹyìn Proms ọdún 1995, wọ́n ṣe orin tuntun tí Harrison Birtwistle kọ, tó pè ní Panic. John Harle fọn saxophone, Paul Clarvis lu ìlù, fèrè àti ìwo yí wọn ká, kò sí fáólìnì kan nínú rẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 ni. Ó le, ó ń pariwo, kò sí ibi téèyàn ti lè bá a kọrin. Ìdajì kejì ètò ni wọ́n fi í sí, èyí tí wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n, lálẹ́ tí àwọn èèyàn máa ń mú àsíá dání tí wọ́n sì ń retí orin tí gbogbo ìlú mọ̀. Ìpè ẹ̀sùn ya lu BBC. Títí di òní, àwọn kan ń fi alẹ́ yẹn ṣẹ̀sín àwọn tó bínú, àwọn mìíràn ń fi ṣẹ̀sín Birtwistle.

Èmi kò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Ẹni tó bá fọkàn sí ògì mímu, tí wọ́n wá bu ọbẹ̀ ata sínú ife rẹ̀, á tu ú dànù, bí ọbẹ̀ náà tilẹ̀ dùn. Ìrètí ló gbọ́ orin yẹn kí etí tó gbọ́ ọ. Panic lágbára lójú tèmi, ó sì tọ́ sí kéèyàn dìídì jókòó tì í, ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹni tó pa tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà jà.

Ní ti àtẹ́wọ́, irọ́ gbáà ni pé àtayébáyé ni wọ́n ti ń dákẹ́ títí orin yóò fi parí. Ní oṣù Júùnù 1778, wọ́n ṣe orin tuntun tí Mozart kọ fún Paris. Ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé àárín abala àkọ́kọ́ gan-an ni àwọn èèyàn ti pàtẹ́wọ́ sí ibi kan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn á fẹ́ràn. Ó fi jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ abala ìkẹyìn, àwọn èèyàn ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Bí gbogbo ọ̀kẹ́sítírà ṣe gbé e, àtẹ́wọ́ tún sọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ jẹ áísìkrímù lẹ́yìn eré. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ àtẹ́wọ́ láàárín abala méjì lórí rédíò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ará oko ló wọ gbọ̀ngàn.

Wọ́n tún ní ẹni tí orí rẹ̀ kò bá wú kò létí orin. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Barcelona fi hàn pé àwọn kan wà tí etí wọn pé, tí wọ́n mọ orin ayọ̀ yàtọ̀ sí orin ìbànújẹ́, tí àwọn nǹkan mìíràn sì ń dùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n tí orin kì í mú ayọ̀ kankan wá fún wọn. Bí a ṣe dá wọn nìyẹn, kì í ṣe àìmọ̀.

Irọ́ tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé orin òyìnbó ni ọ̀kẹ́sítírà, pé kò sí ohun tó kan Yorùbá níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni Fẹlá Ṣówándé, ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1944, ó kọ African Suite fún okùn àti háàpù, orin alábala márùn-ún, ó sì mú ohùn orin lọ́dọ̀ Ephraim Amu ti Ghánà sínú rẹ̀. BBC gbé e sáfẹ́fẹ́ sí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Akinla ni abala ìkẹyìn, láti inú orin háìláìfù ló sì ti wá. Ọdún gbọọrọ ni rédíò CBC ní Kánádà fi Akinla bẹ̀rẹ̀ ètò Clyde Gilmour, àìmọye èèyàn ibẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mọ háìláìfù, èjìká rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá orin náà mọ̀. Ní 2021, ọ̀kẹ́sítírà Chineke! ta African Suite náà ní Proms. Ẹ wá a gbọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Akinla, kí ẹ sì pe ọ̀rẹ́ yín tí kì í fara mọ́ ohun tí ẹ bá sọ kó jókòó tì yín.