Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ tí a gbé pa mọ́: Ọrọ̀ ni, àbí ilé eku?

Ó ṣòro kí ènìyàn wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́, kó má bá fíríìjì tí kò tutù mọ́, fáànù tí kì í yí àti tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá lábẹ́ àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá bi onílé léèrè, èsì rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Mo fẹ́ tún un ṣe ni." Ọ̀rọ̀ náà lè ti pé ọdún mẹ́wàá lẹ́nu rẹ̀.

A kò lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi pátápátá. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń tún nǹkan ṣe. Kí abọ́ oníke tó dé, bí igbá bá fọ́, wọ́n máa ń rán an ni. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò SAP jáde lọ́dún 1986, tí náírà sì wálẹ̀, ọjà tòkunbọ̀ àti oníṣẹ́ àtúnṣe ni ọ̀pọ̀ ìdílé gbójú lé. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà tún já wálẹ̀, owó fíríìjì tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́.

Àwọn òyìnbó pàápàá ti ń padà sídìí àtúnṣe. Lọ́dún 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kí àwọn iléeṣẹ́ máa tún àwọn ẹ̀rọ kan ṣe fún oníbàárà, kódà lẹ́yìn tí gàráǹtì bá ti tán.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà, ti Marie Kondo, obìnrin ará Jàpáàn tí Netflix gbé ètò rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Ó ní kí ènìyàn mú nǹkan kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Èyí tí kò bá mú inú rẹ̀ dùn, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì yọ̀ǹda rẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí dára fún aṣọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí a kàn ń jù sórí ààtàn.

Ní tiwa, ọ̀tọ̀ ni àtúnṣe, ọ̀tọ̀ ni ìkójọ. Ẹ̀rọ tí a tún ṣe ń sin ilé. Èyí tí a kàn gbé jókòó, ṣe ni irin rẹ̀ ń dógùn-ún, tí eku ń gé wáyà rẹ̀, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ń wọ́n lọ́jà.

Eku yìí kò ṣe é fojú kéré. Láti ọdún 1969 tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ibà Lassa ní ìlú Lassa, ní Borno, àrùn náà kò tíì kúrò nílẹ̀ wa. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń ṣọṣẹ́ jù, àwọn ará Ọ̀wọ̀ kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá kan oúnjẹ tàbí ohun èlò ló fi ń ran ènìyàn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́; òkìtì ẹrù tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí ni ẹnu tí a là fún eku. Bákan náà, ọmọdé tó ń ṣeré lè kó sínú fíríìjì tó ti kú, kí ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn, kó má rí afẹ́fẹ́ mí.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ dá ọjọ́ fún ẹrù kọ̀ọ̀kan. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, ẹ pe oníṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wà lọ́jà àti iye tí yóò ná yín. Bí owó àtúnṣe bá ti ń sún mọ́ iye tòkunbọ̀ tó dára, ẹ tà á fún oníṣẹ́ náà. Yóò yọ mọ́tò tàbí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ fi tún ti ẹlòmíràn ṣe. Ẹ má ṣe fọ́ tẹlifíṣọ̀n oníkùn, torí òjé wà nínú gíláàsì rẹ̀. Ẹ má sì dáná sun wáyà nítorí kọ́pà, májèlé ni èéfín rẹ̀. Bátìrì fóònù tó bá ti wú, ẹ má fi pa mọ́, ó lè gbiná.

Ẹ̀yin àgbà, ẹrù tí ẹ kò bá yanjú lónìí, àwọn ọmọ ni yóò kó o lẹ́yìn yín, láìmọ èyí tó níye lórí nínú rẹ̀. Ẹni tó tún nǹkan ṣe ló mọ owó ṣọ́. Ẹni tó kàn kó o jọ, eku ló ń gbà lálejò.