Ẹ̀jẹ̀ Àkọ́mu Eṣinṣin Tsetse

Màlúù kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Lagune, tó ń jẹko létí ọ̀sà ní agbègbè Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ti bá eṣinṣin tsetse gbé pẹ́ débi pé ara rẹ̀ ti kọ́ bó ṣe ń fara da àrùn nagana. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé eṣinṣin náà ń bá àrùn yẹn jà. Trypanosome, kòkòrò tín-ín-tín tó ń fa nagana lára ẹran àti sunrunsunrun lára ènìyàn, kì í rọ́nà wọ ara eṣinṣin yìí bọ̀rọ̀.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ ló léwu jù. Awọ fẹ́lẹ́ tó ń wé ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun eṣinṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀ kò tíì gbó, agbára tí ara fi ń lé àrùn kò sì tíì jí. Bó bá bọ́ sára ẹran tó lárùn lọ́jọ́ náà, ó lè kó o. Bó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ọ̀ràn mìíràn. Àfi kí ebi pa á: ebi ọjọ́ mélòó kan ń sọ àgbà eṣinṣin di ọmọdé padà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ìyá. Tsetse kì í yé ẹyin bíi ti eṣinṣin tó ń bà lé ọbẹ̀ wa. Ìdin kan ṣoṣo ló ń tọ́ nínú ikùn, wàrà ló sì fi ń bọ́ ọ títí tó fi bí i. Inú wàrà yẹn ni bakitéríà kan, Wigglesworthia, ń gbà dé ara ọmọ. Ìdin tí kò bá rí i gbà yóò dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ ìfun rẹ̀ kò ní lágbára, àrùn á sì ráyè. Sodalis, bakitéríà kejì, kò ṣeé fọkàn tán tó bẹ́ẹ̀: àwọn onímọ̀ kan fura pé trypanosome ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún.

Irú trypanosome náà tún ṣe pàtàkì. Vivax kì í kọjá ẹnu eṣinṣin, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn. Brucei ní láti dé ìfun, kó tún gòkè padà síbi tí itọ́ ti ń sun. Ìrìn náà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ló sì ń kú sọ́nà. Nínú igbó, eṣinṣin tí brucei bá dé itọ́ rẹ̀ kì í sábà tó ẹyọ kan nínú 100. Àmọ́ èyí tó bá ti dé ibẹ̀, títí ikú eṣinṣin náà ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni aṣọ búlúù àti dúdú tí wọ́n fi ń dẹ pàkúté fún tsetse gbára lé. Kò pọn dandan kó pa gbogbo wọn. Bí kò bá ṣáà ti jẹ́ kí wọ́n dàgbà, brucei kò ní dé itọ́ wọn.