Ìtòkú ní ìsọ̀ púpọ̀, WhatsApp ńkọ́?

Ẹni tó bá ti ra àdìrẹ rí ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, ẹ ná an títí, ìyá aláàdìrẹ ní owó ò gbà á. Ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ rìn díẹ̀, ẹ ti dé ìsọ̀ ẹlòmíràn. Kí ẹ tó bẹnu lé ìnájà tibẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn: "Ẹ padà wá, èló lẹ fẹ́ san gan-an?" Ìsọ̀ kejì ló mú un pè yín. Ìsọ̀ kejì yẹn náà ni òfin ìdíje ń ṣọ́.

Ìyá kan náà ní fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò owó rẹ̀. Bí aṣọ tuntun bá dé láti ìdí aró, á yà á, á gbé e sórí status WhatsApp, kọ́sítọ́mà tó wà l'Ékòó àti èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á jọ rí i. Ní oṣù Kìíní, 2021, WhatsApp kéde ìlànà tuntun lórí ohun tó ń gbà sílẹ̀ nípa èèyàn, àti bí òun àti iléeṣẹ́ ìyá rẹ̀ ṣe ń pín in lò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ara yín sọ, nítorí ìyẹn wà ní títì pa; nọ́ńbà yín ni, irú fóònù yín, àti bí ẹ ṣe ń bá àwọn ọlọ́jà dòwò pọ̀. Ó ní kí ẹ tẹ "mo gbà". Ẹni tí kò bá gbà ńkọ́? Telegram wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́sítọ́mà ò sí níbẹ̀, ẹgbẹ́ ò sí níbẹ̀, ìpàdé ẹbí ò sí níbẹ̀. Bó bá sì fìbínú kọjá sórí Instagram, ọ̀dọ̀ onílé kan náà ló ṣì wà: Facebook, tó ń jẹ́ Meta báyìí, ló ni ín, òun náà ló sì ra WhatsApp ní bílíọ̀nù 19 dọ́là lọ́dún 2014.

FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdíje àti ààbò oníbàárà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ìlànà yẹn ní oṣù Karùn-ún, 2021. Òfin 2018 tí wọ́n ń lò kò ní kí ẹnikẹ́ni má tóbi. Ohun tó kọ̀ ni kí ẹni tó tóbi máa fi títóbi rẹ̀ ni àwọn yòókù lára, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, 2024, wọ́n bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta. Lára ẹ̀sùn wọn, èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn ará Yúróòpù ní ẹ̀tọ́ láti yàn, Meta ò sì fún wa nírú rẹ̀. Meta ní òun ò gbà, ó pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, 2025, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ti àjọ náà lẹ́yìn, wọ́n fún Meta ní ọgọ́ta ọjọ́ láti sanwó.

Àbújá kọ́ ló kọ́kọ́ ro irú èyí. Àjọ ìdíje Jámánì ti gbá Facebook mú lórí ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ ní 2019, ilé ẹjọ́ Yúróòpù sì sọ ní 2023 pé àjọ ìdíje lè wo òfin àṣírí ẹni mọ́ ẹjọ́ tirẹ̀.

Meta sọ nínú ìwé ẹjọ́ pé ó lè di dandan kí òun ti Facebook àti Instagram pa ní Nàìjíríà. Ẹ̀rù ba àwọn ọlọ́jà, mi ò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó o: bí aláàdìrẹ kan bá ní òun ń kó kúrò ní Ìtòkú, ta ni yóò gbọ̀n? Ìgbọ̀n tí a gbọ̀n nítorí Meta gan-an ni ẹ̀rí agbára tí àjọ náà ń sọ.

Àpò ìjọba ni owó ìtanràn ń lọ, kọ́bọ̀ kan ò ní dé Ìtòkú. Ohun tó lè débẹ̀ wà nínú àṣẹ tó bá ìtanràn náà rìn: kí Meta padà sí bó ṣe ń pín ohun tó mọ̀ nípa èèyàn lò ní 2016, kó sì bi èèyàn kó tó pín ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ìyẹn ni pé kí "mi ò gbà" náà wà lójú fóònù ìyá aláàdìrẹ, kó tẹ̀ ẹ́, kí status rẹ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́.